Òdòdó Tó Fi Ọdún Mẹ́ta Ju Bàbá Rẹ Lọ

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró, mo kí ọ kú ìjókòó, nítorí n kò mọ èyí tí wàá wà nínú wọn nígbà tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ. Ìyá rẹ náà kí ọ, ó ní kí n kọ tòun lọ́tọ̀, kí n má da kíkí òun pọ̀ mọ́ tèmi. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ ní ìlú tí ẹnì kan kì í kí ẹnì kejì lórí àtẹ̀gùn kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ náà kò sì ní bọ́ sọ́wọ́ iṣẹ́. Gbogbo wa wà lálàáfíà, àfi orúnkún ìyá rẹ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀, àti ojú òsì mi tí dókítà ní kò sí ohun tó ṣe é, ó kàn dàgbà ni.

Ní ti ilé, a ti tún ibi tó ń jò nínú pálọ̀ ṣe, ó ti wá ń jò nínú yàrá. Báǹkì fún mi ní káàdì tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mẹ́rin, ọmọbìnrin tó fà á lé mi lọ́wọ́ sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láyé, ì báà jẹ́ ọ̀gá báǹkì fúnra rẹ̀. Mo dé ìdí ẹ̀rọ, ohun tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ béèrè ni nọ́ńbà yẹn gan-an. Mo tẹ òmíràn fún un kí ojú má baà tì í. Ó tún béèrè, mo tún tẹ òmíràn. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé káàdì náà mì. Mo mọ̀ pé ìdánwò ni, mo sì mọ̀ pé mo yege, mo ń retí lẹ́tà ìyìn wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òdòdó tí o fi ránṣẹ́ ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Mo fẹ́ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń to ìwé ẹrù, nítorí ohùn inú fóònù ìyá rẹ kò ní ìbuwọ́lù, n kò sì gbádùn rẹ̀. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, mo kí ọ, o ò dáhùn, mo béèrè bí o ṣe jí, o kàn ń sọ tìrẹ lọ, ìgbà tó wá kàn mí láti sọ̀rọ̀, o dákẹ́. Mo ti forí jì ọ́. Mo sáà gbọ́ ohun tí o sọ, ìyá rẹ náà gbọ́, ó ti tẹ̀ ẹ́ gbọ́ tó ìgbà ogún: pé òdòdó kan ń bọ̀ lọ́nà, pé kí a gbìn ín síwájú ilé, pé ọjọ́ tó bá tanná ni ìwọ náà máa wá wò ó, wàá sì sun ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti wálé gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ yẹn ni òdòdó ti di iṣẹ́ ìjọba nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì ni dírẹ́bà gbé e dé, láàárín àpò ìyẹ̀fun méjì, ó ní kí n buwọ́ lùwé. O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ sítọ́ọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀nà, n kò buwọ́ lu ohun tí n kò yẹ̀ wò rí. Mo gbé awò mi wọ̀. Páálí pélébé kan wà tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, àwòrán òdòdó elésè-àlùkò kan wà lára rẹ̀ tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, wọ́n kọ klẹmátísì sí i, wọ́n sì kọ orúkọ ìyá ọlọ́lá kan tí wọ́n fi sọ irú èyí lórúkọ. Mo wá wo inú ìkòkò. Igi tín-ín-rín kan bí ẹyọ ìgbálẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ewé méjì, ìdajì ọ̀kan ti lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà pé òdòdó dà. Ó ní Bàbá, òdòdó wo? Mo fi àwòrán hàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í búra, àwọn èrò inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ́rìí, ìyá kan ní òun lòun jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a bá ń wá ẹni tó jẹ òdòdó, kí a wá la òun lẹ́nu wò. Nígbà tí ariwo pọ̀, mo kọ ọ́ sórí ìwé pé mo gba ìkòkò kan, igi kan, ewé kan àti àbọ̀. Òdòdó, kò sí nínú ẹrù. Dírẹ́bà ní láti òní lọ, òun ò tún ní gbé ohun tó bá ní àwòrán lára.

Ìyá rẹ ló là mí lọ́yẹ̀ pé inú igi ni òdòdó wà, pé kò tíì jáde ni. Mo ní kí ló dé tí wọn ò kọ bẹ́ẹ̀?

Òwúrọ̀ méjì ni mo fi ka páálí yẹn, iwájú àti ẹ̀yìn, ọjọ́ kejì ni mo sì rí ohun tó mú mi dìde lórí àga. Wọ́n kọ ọdún tí irú òdòdó yìí kọ́kọ́ jáde sáyé síbẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀, mo tún un ṣírò. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọmọ mi, ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni èmi. O fi ẹni tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ ránṣẹ́ sí mi nínú ìkòkò, láàárín ìyẹ̀fun, mo sì ti dúró lé wọn lórí níwájú èrò ọkọ̀ tí mo ń pè wọ́n ní igi kan. Mo bọ́ fìlà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, àìmọ̀ ni. Láti ìgbà náà n kò jẹ́ fojú ọmọdé wò wọ́n mọ́, bí mo ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn nílé náà ni màá ṣe bọ̀wọ̀ fún wọn nínú lẹ́tà yìí. Orúkọ ọlọ́lá tó wà lára páálí gùn ju ẹnu ìyá rẹ lọ, ó wá ń pè wọ́n ní Màmá Ìkòkò. Láràárọ̀ ni mo ń jáde lọ kí wọn kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ ní ọdún mẹ́rìnlélógójì rèé tí òun ti ń bá mi gbé, mi ò kí òun láràárọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ìkíni wà, òun náà á lọ dúró sínú ìkòkò.

Ẹ̀bá ògiri iwájú ilé la gbìn wọ́n sí. Páálí ní oòrùn ni orí wọn ń fẹ́, òjìji sì ni ẹsẹ̀ wọn ń fẹ́. Ìyá rẹ ní bí gbogbo àgbà ṣe rí nìyẹn. Mo na agboorùn mi àtijọ́ sílẹ̀ gbalaja lẹ́sẹ̀ wọn, àwọn tó ń kọjá sì ń béèrè ẹni tó sùn síbẹ̀. Páálí tún ní wọ́n máa ń gùn nǹkan, kí a wá ohun tí wọ́n máa gùn fún wọn. Mo bá lọ sọ́dọ̀ kápẹ́ńtà àdúgbò wa, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ó-Di-Mọ́ńdè, nítorí kò sí iṣẹ́ tí o gbé fún un tí kò ní fi Mọ́ńdè dá ọ lóhùn. Mo ní mo fẹ́ àkàbà kan tí a lè fi ti ògiri. Ó ní ta ló fẹ́ gùn ún? Mo ní Màmá kan tó dé sọ́dọ̀ wa láti ìlú ńlá ni. Ó ní wọ́n tó ọmọ ọdún mélòó? Mo ní mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní Bàbá Sítọ́ọ̀, ẹ má bínú o, kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe lókè? Mo ní oòrùn ni wọ́n ń wá, tí wọ́n bá ti gòkè, wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó ní ṣé àwọn ọmọ wọn mọ̀ sí i? Mo ní ìwọ lo fi wọ́n ránṣẹ́. Ó tún gbé òòlù rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dára sí ọ.

Lọ́jọ́ kejì, tí kì í ṣe Mọ́ńdè rárá, òun fúnra rẹ̀ ru àkàbà dé. Pákó tó nípọn ni, ìṣó méjìméjì lórí ìdábùú kọ̀ọ̀kan, ohun ìdìmú lọ́tùn-ún àti lósì, àti àga kékeré kan ní agbede-méjì fún ìgbà tó bá rẹ̀ wọ́n. Ó gùn ún, ó fò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá ní Màmá dà kí òun kí wọn. Mo fi wọ́n hàn án lẹ́yìn agboorùn. Ó jókòó sórí àga kékeré tó ṣe, kò dìde fún bí ìdajì wákàtí. Ó ní òun ò ní gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé òun ò lè jẹun láti àná.

Oṣù mẹ́ta kọjá, Màmá Ìkòkò kò fi ewé kan lé ewé. Ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wò wọ́n kó tó bọ́jú. Mo mọ ohun tó ń wá lára wọn. Nọ́ńbà àwọn tó tà wọ́n wà lẹ́yìn páálí, mo bá pè é. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n kọ́ dáadáa ló dáhùn, ó kí mi, ó dúpẹ́ pé mo pè, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí wọn, ó ní èmi ni ẹni keje lórí ìlà. O mọ̀ mí, n kì í jókòó lórí ìlà. Mo dìde. Ó fi orin sí i kí ó má baà sú wa. Bí ó ti ń sọ pé ó ku mẹ́fà, ó ku márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni mo ń sún síwájú nínú pálọ̀, nígbà tí yóò fi ku ẹyọ kan, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá rẹ ní ta ni mo ń tẹ̀ lé? Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀, ẹnì kan ṣì wà níwájú mi, ó lè jẹ́ àgbàlagbà. Ẹni tó wá bá mi sọ̀rọ̀ níkẹyìn ní kí n ní sùúrù, gbòǹgbò ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta nísàlẹ̀, iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ kì í hàn lójú. Mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, ó ní wọ́n wà.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí ìbéèrè àwọn tó ta òdòdó fi wọ fóònù ìyá rẹ, pé láti orí òdo dé orí mẹ́wàá, mélòó ni mo máa yàn bí mo bá fẹ́ júwe iléeṣẹ́ wọn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo rò ó dáadáa. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni mo ní láyé, méjì ti kú. Mo yan méjì. Kíá ni èsì dé, pé ó dùn wọ́n gidigidi, pé ọ̀rọ̀ náà ká wọn lára, pé àwọn yóò rí i pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ mọ́. Omi bọ́ lójú mi. Àwọn tí kò tilẹ̀ mọ àwọn olóògbé rí! Mo dá wọn lóhùn pé kí wọ́n má da ara wọn láàmú, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni àwọn méjèèjì lọ, ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan nídìí tẹlifíṣọ̀n.

Òótọ́ sì ni wọ́n sọ nípa gbòǹgbò. Nígbà tí òjò rọ̀ léraléra, Màmá Ìkòkò gbéra. Wọ́n kọjá ohun ìdìmú, wọ́n kọjá àga kékeré láìjókòó, kí ọdún tó parí wọ́n ti dé òkè àkàbà, wọ́n ń yọjú sí òpópónà. Ìyá rẹ ti fọ aṣọ fèrèsé yàrá rẹ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wàhálà dé. Páálí sọ ọ́ kedere pé kí a gé gbogbo wọn kúrú dé orúnkún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òdòdó kò ní yọ bó ṣe yẹ. Tí a kò bá gé wọn, wọn kò ní tanná. Tí wọn kò bá tanná, o ò ní wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi abẹ kan àgbà? Èmi kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó-Di-Mọ́ńdè tí kò tíì tó àádọ́ta ní òun á fi ayùn rẹ́ wọn báyìí báyìí, mo ní ṣé bó ṣe máa ṣe ìyá rẹ̀ nìyẹn? Lẹ́yìn náà, orúnkún ta ni? Wọn kò kọ ọ́. Mo wọn tèmi, mo wọn ti ìyá rẹ, íǹṣì mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yí wọn po pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ìyá rẹ ní Bàbá Sítọ́ọ̀, tí ẹ kò bá ní gé e, ẹ sọ fún mi kí n mọ̀ pé ọmọ mi ò wálé mọ́. Bó ti sọ ọ́ tán ló di gèlè, ó lọ mú Ìyá Agbẹ̀bí wá, ìyẹn ìyá arúgbó tó gbẹ̀bí ìwọ àti ìdajì àdúgbò yìí, wọ́n ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

Wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì wọn wá nínú aṣọ funfun, wọ́n ti bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wò mí. Wọ́n ní ṣé nítorí ewéko lẹ ṣe gbé mi kúrò lórí àga mi? Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Wọ́n ní mẹ́rìnléláàádọ́rin? Ọmọdé nìyẹn. Mo béèrè orúnkún ẹni tí a máa lò. Wọ́n ní orúnkún ẹni tí sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ṣe é ṣáṣáṣá, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo wo ibòmíràn.

Nígbà tí wọ́n nu sísọ́ọ̀sì tán, wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní Bàbá Sítọ́ọ̀, ẹ̀ ń bẹ̀rù ewéko, ẹ tún ń bẹ̀rù ọmọ. Wọ́n ní èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà nínú yàrá yẹn, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ọdún mélòó ló ti dé ibí gbẹ̀yìn? Mo ní mẹ́rin. Wọ́n ní kí ló ní ó ń ṣe? Mo ní ọwọ́ rẹ dí. Wọ́n ní ta ló ti pàṣẹ fún un pé kó wálé? Mo ní a kò fẹ́ dí ọ lọ́wọ́, o ti ní wàá wá bí òdòdó bá tanná. Wọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí ọkọ tó bá dákú lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìbímọ. Wọ́n ní ẹni tó ń dúró de òdòdó kó tó rántí ìyá rẹ̀, bí òdòdó bá tanná tán, á ní ó dìgbà tó bá so èso. Ìyá rẹ wọlé lọ. Mo kó àwọn ẹ̀ka tó wà nílẹ̀.

Ọmọ mi, wọ́n ti tanná. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹyọ kan ṣoṣo, elésè-àlùkò bíi ti àwòrán gẹ́lẹ́. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, íǹṣì mẹ́jọ ni, ewé òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́jọ. Ariwo ìyá rẹ ló jí àdúgbò. Ó-Di-Mọ́ńdè wọ bàtà wá wò ó. Ìyá Agbẹ̀bí ní ọmọ náà dára, ó jọ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, kó tó gbọ́ èsì ó ti yí bẹ́ẹ̀dì rẹ padà, ó ti tẹ́ ẹ.

O dáhùn lọ́sàn-án, o ní inú rẹ dùn, kí a ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. A yà á. Àkọ́kọ́ mú àtàǹpàkò mi, èkejì mú Ó-Di-Mọ́ńdè, ẹ̀kẹta ló mú òdòdó. O wá ní ó rẹwà gan-an, o ti fi han gbogbo àwọn ará ọ́fíìsì yín, ó sì ti dà bíi pé o wá náà nìyẹn. Ìyá rẹ gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

N kò fẹ́ bá ọ jà. Mo kàn fẹ́ sọ fún ọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣọ́ sítọ́ọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pé n kò rí ẹni tó fi àwòrán sìmẹ́ńtì mọ ilé rí. Mo sì fẹ́ jábọ̀ ohun tó kù nínú ẹrù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ewé òdòdó kan já. Ọjọ́bọ̀, méjì tẹ̀ lé e. Mo fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú lẹ́tà yìí, mo kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn kí o lè mọ èyí tó kọ́kọ́ lọ. Márùn-ún ló kù. Ìyá rẹ ti gbé àga lọ síbẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ló jókòó sí.

Gbólóhùn tó kàn yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ tí mo pa á rẹ́. Mo kọ bí àyè bá wà, mo pa á rẹ́. Mo kọ bí kò bá ni ọ́ lára, mo pa á rẹ́. Mo wá lọ yẹ ìwé ìbí rẹ wò. Mo fi ọgbọ̀n ọdún jù ọ́ lọ, ìyá rẹ fi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jù ọ́ lọ, kò sí ẹni tí a máa lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, wálé.

Ní ti owó, mo mọ̀ pé o ti ń retí kí n béèrè, n kò sì ní já ọ kulẹ̀. Owó ọkọ̀ ni mo fẹ́, láti ọ̀dọ̀ rẹ dé ibí, ti ẹnì kan, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Má fi ránṣẹ́ sí wa o. Dírẹ́bà ni kí o kó o fún.

Ọ̀nà yóò là fún ọ láti ẹnu ọ̀nà rẹ títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Ohun tí o ń sáré lé kò ní sá fún ọ, ìdúró kò sì ní sú ohun tó ń dúró dè ọ́. Wàá bá wa láyé, wàá bá wa lórí ìjókòó, wàá bá ìyá rẹ níbi tí ẹ̀rín rẹ̀ ṣì pọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, mo buwọ́ lù ú.

Mo ń lẹ àpòòwé lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ pè mí síta. Mẹ́rin ló kù.